Mo ra tẹlisíkóòpù àtijọ́ onídígí, ó dọ̀tí gan-an. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ọjà Ọba (Baltimore)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Sátidé tó kọjá ni mo yà síbi tí àwọn ọmọ bàbá òyìnbó kan tó ṣaláìsí ti ń ta ẹrù rẹ̀. Àga ìjókòó ni mo bá lọ. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé, mo rí páìpù funfun gbàǹgbà kan tó ga dé àyà mi, wọ́n fi í ti ògiri lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń ṣe, mo ṣe bí páìpù afẹ́fẹ́ ni. Ìgbà tí mo nu eruku ara àwo irin kékeré kan ni mo tó rí i kà: Criterion Manufacturing Co., Hartford, Connecticut. Tẹlisíkóòpù ni! Ọmọ bàbá náà ní kí n mú dọ́là 75 wá, kí n ṣáà bá àwọn gbé e kúrò nílẹ̀.

Òpó irin wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, irin rìbìtì tó ń gbè é lẹ́yìn kó má baà ṣubú náà wà. Ẹ̀rọ kékeré oníná kan wà lára rẹ̀, àmọ́ rọ́bà wáyà rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Awò ojú, gíláàsì kékeré tí wọ́n ń gbé ojú lé láti wò, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nínú mẹ́ta. Aláǹtakùn ti kọ́lé sínú páìpù, ó sì jọ pé ó bímọ síbẹ̀. Dígí ìsàlẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù: eruku bò ó, ojú omi gbígbẹ wà lára rẹ̀, ẹnì kan sì ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìdí tí mo fi rà á ni bàbá mi. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì n'Ìbàdàn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọsàn kan àti àtùpà ni wọ́n fi kọ́ èmi náà bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú tí ilẹ̀ fi ń mọ́. Wọn ò fojú ara wọn rí òrùka Sátọ̀n rí, àfi nínú ìwé. Mo fẹ́ gbé e lọ bá wọn ní Disẹ́ńbà.

Mo ti mú tíṣù àti omi aláwọ̀ búlúù tá a fi ń nu fèrèsé dání báyìí. Ṣé kí n máa nu dígí náà lọ?

Ẹ̀gbọ́n Wálé (Houston)

Dúró! Gbé tíṣù sílẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.

Dígí tó wà nílé ìwẹ̀ rẹ, ẹ̀yìn gíláàsì ni awọ tó ń dán wà, ìyẹn lo ṣe lè nù ún bó ṣe wù ọ́. Ti tẹlisíkóòpù, iwájú ló wà. Alumíníọ̀mù ni, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé tó o bá to ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ lé ara wọn, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju fọ́nrán irun orí kan lọ. Eruku tó wà lórí rẹ̀ yẹn, yanrìn ni. Tó o bá fi tíṣù lé e báyìí, sáńdípépà lo fi ń ha á. Omi búlúù ńkọ́? Amóníà wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, òun náà ń jẹ alumíníọ̀mù.

Ohun tí ẹni tuntun kì í gbà gbọ́ rèé: dígí tó dọ̀tí ṣì ń ríran. Eruku kàn ń dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n bá ti ha ló di wàhálà, torí àfi kí wọ́n ṣí awọ rẹ̀ kúrò pátápátá kí wọ́n tó fi òmíràn bò ó.

Lálẹ́ òní, pa iná yàrá, gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn dígí náà, kó o wò ó láti iwájú. Tó o bá rí ihò wẹ́wẹ́ mélòó kan, kò burú. Tó bá dà bí ajẹ̀rẹ̀, tàbí tí awọ rẹ̀ bá ti ń ṣí létí bíi ti àlùbọ́sà, ìgbà yẹn la máa sọ̀rọ̀ owó.

Ìyá Kẹ́hìndé (Leeds)

Àbúrò, o kú oríire ọjà. Dọ́là 75! Ẹni tó ń ta irú ẹrù yìí kì í sábà mọ ohun tó ń tà.

Èmi náà ní ọ̀kan, ti Charles Frank, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Saltmarket ní Glasgow láyé ọjọ́un. Ọwọ́ opó kan ni mo ti rà á. Ohun tí mo bá bọ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí tẹ́ ò tíì rà. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà funfun tó ń dán tàn yín jẹ. Dígí ni tẹlisíkóòpù. Ohun yòókù, ilé tí dígí ń gbé ni. Káfíńtà lè kan ilé, wẹ́dà lè jó ẹsẹ̀ tó kán, ṣùgbọ́n mélòó ni ẹ mọ̀ tó lè fi ọwọ́ lọ gíláàsì títí táá fi kó ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ jọ sójú kan? Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó yọ owó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wo dígí ńlá tó wà nísàlẹ̀ àti dígí kékeré tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lókè, nítòsí ẹnu páìpù. Tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti sọnù, ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ mú rúlà dání. Ẹ wọn ihò tí awò ojú ń wọ̀. Tó bá fẹ̀ tó mìlímítà 31.7, ìyẹn ínǹṣì kan àti ìdámẹ́rin, kò séwu, irú awò bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́jà níbi gbogbo dòní. Tó bá jẹ́ 24.5, irú tí wọ́n ń ṣe ní Japan nígbà kan, èyí tó dáa nínú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Tí wọ́n bá sì kọ ọ́ sára páálí pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìgbà 600, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kẹ́ ẹ bi wọ́n bí dígí ṣe fẹ̀ tó, torí ìbú dígí ló ń pinnu ibi tó lè dé.

Etí dígí tó ṣán díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Páìpù tó ti hu bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin, ẹ fi ìyẹn dúnàá-dúrà.

Bàbá Rẹ̀mí (New Haven)

RV-6 Dynascope ni ọmọ yìí rà! Ojú mi rí mẹ́rin rẹ̀, méjì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé ìròyìn *Sky and Telescope* àwọn ọdún 1960 nílé, kó ṣí i, á bá ìpolówó rẹ̀ níbẹ̀, dọ́là 194 àti sẹ́ńtì 95. Church Street ní Hartford ni ilé iṣẹ́ náà wà. Lẹ́yìn 1980 ni Bausch & Lomb, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe gíláàsì ojú, rà á, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi kógbá rẹ̀ sílé.

Dígí rẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 6, ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí i sì ń pàdé níbi tó jìn sí i ní ínǹṣì 48. Ẹ pín 48 sí ọ̀nà 6, ẹ óò rí 8; ohun tí wọ́n ń pè ní f/8 nìyẹn. Dígí tí ikùn rẹ̀ kò jìn bẹ́ẹ̀ rọrùn láti lọ dáadáa, kì í sì í bínú tí títò rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí RV-6 fi lórúkọ rere títí dòní. Fún awò ojú, ra èyí tí wọ́n kọ mìlímítà 25 sí lára (ìyẹn kì í ṣe ìbú rẹ̀), á sọ nǹkan di ńlá ní ìgbà 49. Ra 10, á fún ọ ní ìgbà 122. Má tíì wá ẹ̀kẹta.

Ìkìlọ̀ mi ni pé kó o ya fọ́tò kó o tó tú ohunkóhun. Súkúrù ibì kọ̀ọ̀kan, inú láílọ́ọ̀nù tirẹ̀, kọ orúkọ sí i lára. Kó o má sì kun páìpù yẹn ní ọ̀dà tuntun o. Mo mọ bí ọwọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ amúlétutù ṣe ń yún wọn.

Ọmọ Ọjà Ọba (Baltimore)

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Omi búlúù ti padà síbi tí mo ti mú un.

Mo ṣe ti tọ́ọ̀ṣì yẹn. Ihò tí mo rí kò ju bí ìràwọ̀ ṣe ń rí lálẹ́ òṣùpá lọ, ẹyọ ẹyọ. Lónìí mo tú dígí náà jáde. Àmúga irin mẹ́ta ló há a mọ́lẹ̀ gbagidi. Ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sẹ́yìn rẹ̀, mi ò pa á rẹ́. Gíláàsì yẹn nípọn! Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Orí tábìlì ìjẹun ló wà báyìí, mo fi ìdérí ìkòkò bò ó, ìyàwó mi ò sì rí ibi jẹun. Báwo ni mo ṣe máa wẹ̀ ẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Wálé (Houston)

Bí ọmọ ìkókó.

Kọ́kọ́ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Tẹ́ táwẹ́lì sísàlẹ̀ abọ́ oníke ńlá kan kí dígí má baà yọ̀ kó lọ gbá ara rẹ̀. Jẹ́ kí omi ẹ̀rọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣàn lé e lórí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Omi ni kó gbé yanrìn lọ, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, bu omi sínú abọ́, kán ọṣẹ ìfọwo sí i, ẹ̀kán méjì péré, kó o rì dígí sínú rẹ̀, kí ojú rẹ̀ wà lókè, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lọ jẹun.

Tó o bá dé, òwú ló kàn. Ògidì òwú ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ike ṣe. Rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ náà, gbé e lé dígí lábẹ́ omi níbẹ̀, kó o wá fà á wọ́ láti àárín lọ sí etí. Má tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo òwú fúnra rẹ̀ ti tó. Tó o bá ti fà á lẹ́ẹ̀kan, jù ú nù, mú òmíràn. Mo lò tó 40 lórí tèmi. Nígbà tí ìyàwó mi rí garawa ìdọ̀tí, ó rò pé mo ṣèṣe.

Tún fi omi ẹ̀rọ ṣàn án, kó o wá fi omi aláìníyọ̀, èyí tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀, ṣàn án kẹ́yìn. Gbé e ti nǹkan kó dúró ní ìdagun. Ẹ̀kán omi tó bá kù lára rẹ̀, fi igun tíṣù kàn án kó fà á mu. Mo ní kó o kàn án o, n ò ní kó o nù ún. Ojú àtàǹpàkò yẹn lè má lọ tán, òógùn ọwọ́ èèyàn máa ń jẹ awọ yẹn tó bá pẹ́ lára rẹ̀. Gbà fún un, kó o má gbìyànjú láti fi agbára yọ ọ́.

Túndé Wáyà (Ìbàdàn)

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tó wà nílé sọ̀rọ̀. Omi tí ẹ̀gbọ́n ń wí yìí, òun ni omi bátìrì tẹ́ ẹ máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn ríwáyà. Àmọ́ ẹ là á yé ẹni tó ń tà á pé omi lẹ fẹ́, kì í ṣe ásíìdì. Kí ẹ sì rí i pé wọn ò tíì ṣí ìdérí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi dìde ni ẹ̀rọ oníná tó wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yí tẹlisíkóòpù bá ayé rìn kí ìràwọ̀ má baà kúrò lójú awò. Iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, fóòtì 110. Tẹ́ ẹ bá kì í bọ iná 240 tiwa níbí, èéfín lẹ máa fi kí bàbá. Ìyẹn kì í ṣe tuntun, gbogbo èèyàn á ní kí ẹ ra tiransífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣubú. Tiransífọ́mà ń rẹ fóòtì sílẹ̀, kì í yí Hertz padà. Irú ẹ̀rọ yìí, bí iná bá ṣe ń lù ló ṣe ń jó. Iná Amẹ́ríkà ń lù ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń lù ní 50. Ìdámẹ́fà eré rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ayé ń yí ní dígírì 15 ní wákàtí kan. Tẹlisíkóòpù yín á máa yí ní 12 àti ààbọ̀. Kí wákàtí kan tó pé, ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò á ti sá lọ, ibi tó sá dé á fẹ̀ tó òṣùpá márùn-ún tí wọ́n tò lé ara wọn.

Ẹ ra inverter kékeré ní Baltimore níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀, tó ń gba fóòtì 12 lára bátìrì tó sì ń gbé 110 jáde ní 60 Hertz. Bátìrì ọkọ̀ bàbá á gbé e. Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, torí alẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ ni ojú ọ̀run àdúgbò wa máa ń mọ́ jù.

Ohun kejì: ìràwọ̀ Àríwá, èyí tí irin tẹlisíkóòpù yìí gbọ́dọ̀ kọjú sí kó tó lè bá ayé rìn. Ní Baltimore, ó ga ní dígírì 39, ẹ rí i kedere. N'Ìbàdàn, 7 àti díẹ̀ ni. Ẹ̀yìn òrùlé aládùúgbò ló ń gbé, tí ọyẹ́ bá sì dé ní Disẹ́ńbà, ẹ ò ní rí i rárá. Irin tó ń kọjú sí ìràwọ̀ yẹn máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ gbalaja, gbogbo ẹrù á sì tẹ̀ sí àríwá. Ẹ kọ ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àríwá gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dojú dé.

Ìyá Kẹ́hìndé (Leeds)

Túndé, Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ ọ́. Ẹ̀kọ́ ni mo gbà lónìí.

Kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan, kí ẹlòmíì má ṣe é. Ọdún tí mo ra tèmi, mo gbé páìpù dúró gbọin nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ sókè, mo fẹ́ rọ súkúrù dígí kékeré. Sípánà já lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ lára páìpù, kọ̀ù, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró kejì tí mo ṣì ń gbọ́ lójú oorun. Ó ṣán dígí náà lójú, níbi tó fẹ̀ tó èékánná ọmọdé. Ó ṣì ń ríran, mo kun ibẹ̀ ní dúdú kí ó má baà máa tú ìmọ́lẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, mo máa ń tẹ́ páìpù sílẹ̀ gbalaja kí n tó mú irin kankan súnmọ́ ọn, mo sì máa ń fi okùn so sípánà mọ́ ọrùn ọwọ́.

Olùkànpákó (Atlanta)

Èmi á sọ èyí tí inú Bàbá Rẹ̀mí ò ní dùn sí. Kí lẹ fẹ́ gbé gbogbo irin yẹn lọ sílé fún? Òpó, ẹsẹ̀, irin rìbìtì, ẹ̀rọ tí kò mọ iná ilé. Ẹ fi sílẹ̀ ní Baltimore. Ẹ gbé páìpù nìkan.

John Dobson, ẹni tó ti jẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́-ẹ̀sìn rí ní San Francisco, kó àwọn èèyàn jọ ní 1968, wọ́n ń gbé tẹlisíkóòpù dúró sí etí títì kí ẹni tó ń kọjá lọ wo òṣùpá lọ́fẹ̀ẹ́. Àpótí pákó ni ó ń gbé e lé. Ó ń yí sọ́tùn-ún sósì lórí àwo kan, ó ń lọ sókè sódò lórí etí pákó rìbìtì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù. Ó parí. Káfíńtà Ìbàdàn kan á kàn án tán lọ́sàn-án kan: pákó tó nípọn, fọ́míkà lójú ibi tó ń yí, ègé Teflon mẹ́ta, ike tó ń yọ̀, lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ni kí bàbá máa fi tì í díẹ̀díẹ̀ bí ìràwọ̀ ṣe ń lọ. Kò ní bèèrè ibi tí àríwá wà, kò ní bèèrè iná.

Bàbá Rẹ̀mí (New Haven)

Inú mi ò dùn lóòótọ́. Ohun tó ti wà papọ̀ láti bí ọgọ́ta ọdún, o fẹ́ tú u ká nítorí oṣù kan. Tí ẹ bá dá ihò kan ṣoṣo lu páìpù yẹn láti fi etí pákó mọ́ ọn, kò sí ohun tó lè dí i mọ́.

Olùkànpákó (Atlanta)

Bàbá, ta ló ní ká lu ihò? Àpótí kékeré la máa kàn yí páìpù ká, a ó tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀, a ó fi bẹ́líìtì fún un. Ara àpótí ni etí máa wà. Ọjọ́ tó bá wù ú, kó tú bẹ́líìtì, kó gbé e padà sórí irin rẹ̀.

Bàbá Rẹ̀mí (New Haven)

Ìyẹn yàtọ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ kó tún ẹ̀rọ oníná yẹn ṣe náà, kó wà ní Baltimore kó máa ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ọjà Ọba (Baltimore)

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Dígí ti mọ́. Ojú àtàǹpàkò ṣì wà níbẹ̀ fírífírí, mo ti gbà fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Ẹ̀rọ oníná: mo ṣí i, gírísì inú rẹ̀ ti le bí àbẹ́là, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo fi tuntun sí i. Wáyà olójú méjì tó ti sán yẹn, mi ò tiẹ̀ dán an wò. Mo yọ ọ́ dànù, mo fi olójú mẹ́ta sí i kí ara irin ní wáyà ilẹ̀, torí ìrì máa ń sẹ̀ sí nǹkan yìí lára lálẹ́. Mo tan án, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé etí lé e, ó ń kùn bí oyin tó wà nínú ògiri. Ó ń yí!

Ìṣòro wá dé. Lánàá mo dojú rẹ̀ kọ ìràwọ̀ ńlá kan, mo fi awò ojú mìlímítà 10 wò ó. Ìràwọ̀ náà kò rí roboto. Igun mẹ́ta ló ní, bí ewé ẹ̀fọ́. Ṣé mo ti ba dígí jẹ́ nígbà tí mò ń wẹ̀ ẹ́ ni? Ọkàn mi ò balẹ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n Wálé (Houston)

O ò ba nǹkan kan jẹ́. Igun mẹ́ta, àmúga mẹ́ta. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé wọ́n há a mọ́lẹ̀ gbagidi, o sì ti dè wọ́n padà bó o ṣe bá wọn. Gíláàsì tó nípọn báyẹn ń tẹ̀, tó o bá fún un. Ìtẹ̀ tí ojú ò lè rí ti tó láti ba ojú ìràwọ̀ jẹ́. Dẹ àmúga náà títí bébà ìkọ̀wé kan á fi lè kọjá láàárín irin àti gíláàsì. Tó o bá rọra mi dígí, kó mì fírí. Àmúga wà níbẹ̀ kí ó má baà ṣubú ni, kì í ṣe láti dì í mú.

Tó o bá ti ṣe ìyẹn, to àwọn dígí padà. Wá ìdérí ike tó há mọ́ ihò awò ojú, lu ihò kékeré sí àárín rẹ̀, kó o máa gba ibẹ̀ wò. Rọ súkúrù dígí kékeré títí wàá fi rí àmúga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà létí dígí ńlá lọ́gbọọgba. Lẹ́yìn náà ni kó o wá bọ́ sẹ́yìn, rọ súkúrù mẹ́ta ti dígí ńlá títí òjìji dígí kékeré á fi bọ́ sí àárín gbùngbùn. Ìgbà àkọ́kọ́ á gbà ọ́ ní wákàtí kan, ìwọ á sì bú mi. Ìgbà kẹwàá, ìṣẹ́jú méjì.

Kó o tó wo ìràwọ̀, gbé tẹlisíkóòpù síta fún wákàtí kan kí dígí fi tutù dọ́gba pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ìta. Ṣé o ṣe bẹ́ẹ̀ lánàá?

Ọmọ Ọjà Ọba (Baltimore)

Rárá o. Inú ilé ni mo ti gbé e jáde gbóná-gbóná.

Ọmọ Ọjà Ọba (Baltimore)

Ẹ kú àárọ̀. Agogo méjì òru ni mo sùn.

Mo dẹ àmúga, bébà kọjá lábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo to dígí. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni, mo sì bú ẹ̀gbọ́n Wálé lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé e síta láti agogo mẹ́jọ. Ìràwọ̀ ti di ojúámì kan ṣoṣo. Tí mo bá yí ọrùn awò ojú kí ó má ríran dáadáa mọ́, ó ń di òrùka nínú òrùka, roboto, òjìji dígí kékeré sì wà láàárín bí ihò owó ẹyọ tí wọ́n lu fún sínsín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá Júpítà. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló kọ́kọ́ wò ó. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Dádì, ó ní ìlà bíi bẹ́líìtì, ìràwọ̀ mẹ́rin sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀." Mo sọ fún un pé kì í ṣe ìràwọ̀, òṣùpá rẹ̀ ni wọ́n, àwọn mẹ́rin tí Galileo rí ní 1610. Ó ní kí n gbé e padà, òun fẹ́ tún wò ó bóyá wọ́n ti rìn. Nígbà tí a tún wò ó kí n tó wọlé, ọ̀kan ti rìn lóòótọ́.

Mo ti pinnu: páìpù ń lọ sílé, irin ń dúró síbí. Àmọ́ báwo ni mo ṣe máa gbé dígí dé Ìbàdàn láìfọ́?

Ìyá Kẹ́hìndé (Leeds)

Má fi í sílẹ̀ sínú páìpù! Yọ dígí ńlá àti kékeré, wé wọn sínú bébà tó mọ́ àti aṣọ rírọ̀, kó o to wọ́n sínú àpótí oníke líle, kó o gbé e lọ́wọ́ wọ bàálù. Dígí yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ju kílò kan lọ. Tẹ́ fọ́tò tẹlisíkóòpù lé e lórí, torí àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú á bi ọ́ léèrè irú nǹkan rìbìtì tó nípọn báyẹn.

Túndé Wáyà (Ìbàdàn)

Páìpù, kí ó bá ọkọ̀ ojú omi bọ̀. Ẹ rì í sínú páálí ńlá pẹ̀lú aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ fún àwọn ará ilé, kí aṣọ yí i ká. Kó o sì tètè fi ránṣẹ́, Disẹ́ńbà kì í dúró de ẹnikẹ́ni ní èbúté. Tó o bá dé, ké sí mi. Mo mọ káfíńtà kan ní Mókọ́lá tí ọwọ́ rẹ̀ dá.

Ọmọ Ọjà Ọba (Baltimore)

Mo ti ra páálí. Màámi ti ní kí n fi àwọn ìkòkò wọn sínú páìpù náà kí àyè má baà ṣòfò.

Bàbá Rẹ̀mí (New Haven)

Kí ni?